Ọjọ́ Ìsinmi: Ta Ni Ó Ń Sinmi?

Ẹni tí ó bá wọ Ìkẹ́rẹ́, tàbí Ìsẹ̀, tàbí Emùré ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ọjọ́ náà yàtọ̀ sí ọjọ́ yòókù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni agogo yóò ti máa dún. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ kan yóò máa dá ti ìjọ kejì lóhùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí yóò bá sì fi di aago mẹ́sàn-án, àwọn ìyá ti wé gèlè, àwọn bàbá ti gbé agbádá wọ̀, ojú títì kún fún àwọn ọmọdé tí a fi ìpara pa lára títí wọ́n fi ń dán. Bí a bá fi èyí nìkan ṣe òṣùwọ̀n, a ó wí pé kò sí ilẹ̀ tí a gbé ń pa ọjọ́ ìsinmi mọ́ ju ìhà gúúsù Èkìtì yìí lọ. Àwa kò sì fẹ́ bu ẹwà ọjọ́ náà kù. Ṣùgbọ́n a bẹ olúwarẹ̀ pé kí ó fi ojú títì sílẹ̀ díẹ̀, kí ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé: nínú ilé yìí, ta ni ó ń sinmi lónìí?

Ìbéèrè yìí ni ó jẹ wá lógún, a sì fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa, pàápàá àwọn oníṣòwò àti àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ọwọ́, bá wa gbé e yẹ̀ wò. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń jiyàn lórí ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n orúkọ ọjọ́ ni wọ́n ń jà sí jù: Sátidé ni tàbí Sọ́ńdè? Àwọn ará wa ti Ìjọ Adventist, tí iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní 1914 ní Erúnmú lẹ́bàá Ìbàdàn, di ọjọ́ keje mú ṣinṣin, láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì títí di ìgbà tí yóò tún wọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. A mọ ohun tí ó ń ná wọn. Ọjọ́ Sátidé ni a dìbò gómìnà ní Èkìtì ní 2014, ní 2018 àti ní 2022. Ọjọ́ Sátidé ni a yàn fún ìmọ́tótó àyíká láti ayé ìjọba ológun. Ọjọ́ Sátidé náà ni ìdánwò a máa bọ́ sí nígbà mìíràn. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti jáde nítorí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kì í ṣe ọlọ̀tẹ̀, ó sì yẹ kí ìjọba wá àyè fún un. Àwọn ará wa Mùsùlùmí ní tiwọn kò ka Jímọ̀ sí ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Wọn a pa ọjà tì nígbà tí ìpè ìrun bá dún, wọn a sì padà sí i lẹ́yìn náà. Olúkúlùkù ní ọ̀nà tirẹ̀, a kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọjọ́. Ẹni tí ó pa Sátidé mọ́ tí ó sì ń lo ọmọ ọlọ́mọ láìní ìsinmi, àti ẹni tí ó pa Sọ́ńdè mọ́ tí ó ń ṣe bákan náà, inú ọgbà kan náà ni àwọn méjèèjì wà.

Àwọn kan a máa wí pé òyìnbó ni ó kó ọjọ́ ìsinmi wá fún wa. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Kí a tó gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ilẹ̀ yìí ni àwọn baba wa ti ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tiwọn, tí ó ń yí po ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, tí àwọn àgbà sì ń pè ní ọrọọrún nítorí pé wọ́n ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn: ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Ṣàngó tí à ń pè ní Jàkúta, àti ọjọ́ Ọbàtálá. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹni tí ó ń sin òrìṣà kan kì í fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ òrìṣà rẹ̀. Bí ọba bá sì wàjà, a ó ti ọjà pa, àti ọlọ́rọ̀ àti tálákà yóò sì jókòó sílé. Àní ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ọjọ́ méje àwọn òyìnbó lónìí, ọ̀sẹ̀, inú ilé òrìṣà ni àwọn baba ìjọ ti mú un jáde. Nítorí náà, kì í ṣe ìsinmi gan-an ni ẹ̀sìn Krístì mú wá. Ohun tuntun tí ó mú wá ni pé kí gbogbo ènìyàn sinmi pa pọ̀ ní ọjọ́ méje méje, àti baálé àti ẹrú rẹ̀, láìwo òrìṣà ìdílé, láìdúró de ikú ọba.

Kí àwọn tí ó ní Bíbélì nílé ṣí i, kí wọ́n wo òfin kẹrin bí ó ti wà nínú Ẹ́kísódù orí 20, kí wọ́n sì tún wò ó nínú Deutarónómì orí 5. Ti Ẹ́kísódù ni a ń kọ́ àwọn ọmọdé sórí ní ilé ẹ̀kọ́ Sọ́ńdè, ìdí tí ó sì fún òfin náà ni pé Ọlọ́run sinmi lẹ́yìn ìṣẹ̀dá. Ìdí mìíràn wà nínú Deutarónómì, a kì í sì í sábà gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀: kí Ísírẹ́lì rántí pé ẹrú ni òun ti jẹ́ rí ní Íjíbítì. Nínú ìwé méjèèjì, òfin náà kò dúró lórí baálé nìkan. Ó ka àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, ìránṣẹ́kùnrin, ìránṣẹ́bìnrin, ẹran ọ̀sìn, títí ó fi kan àlejò tí ó wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀; Deutarónómì sì là á mọ́lẹ̀ pé ìsinmi ìránṣẹ́ àti ti ọ̀gá gbọ́dọ̀ rí bákan náà. Ẹ kíyè sí i pé a kò dárúkọ aya nínú àkọsílẹ̀ yìí. Àwọn olùkọ́ a máa wí pé ó ti wà nínú ẹni tí a bá sọ̀rọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yọjú sí ilé ìdáná wa ní ọjọ́ Sọ́ńdè yóò rò pé àwọn ọkọ ti ka àìdárúkọ yẹn sí àṣẹ.

Ó yẹ kí ìdí kejì yìí wọ àwa ọmọ Èkìtì létí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ta ni ó mú ìhìnrere wọ ilẹ̀ wa? Ní púpọ̀ nínú àwọn ìlú wa, kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́kọ́ mú un dé. Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú nígbà ogun ni, tí wọ́n rí ìgbàgbọ́ ní ìlú òkèèrè, tí wọ́n sì padà wá sílé nígbà tí ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, rọlẹ̀, lẹ́yìn ìwé àlàáfíà ti 1886 àti títúká àwọn ibùdó ogun ní 1893. Irú àwọn wọ̀nyí mọ bí ó ti ń rí kí ọjọ́ má ṣe jẹ́ ti ẹni. Ẹrú kì í dá ọjọ́. Ọjọ́ tí olúwa rẹ̀ bá ní kí ó lọ sí oko ni yóò lọ. Bí òjò ń rọ̀, bí ara rẹ̀ kò dá, bí ó jẹ́ ọjọ́ tí a sin ìyá rẹ̀, kò ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá jókòó ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè nínú ìlú baba rẹ̀, tí kò sí ẹnìkan láyé tí ó lè wí fún un pé "dìde", kì í ṣe ìwé nìkan ni ó ń kà; òmìnira rẹ̀ ni ó ń fi ọwọ́ bà. A gbà pé èyí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn baba ìjọ ìgbà náà le koko lórí ọjọ́ yìí, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ wọn fi ń kùn. Àwa ọmọ-ọmọ wọn gba ìlekoko náà lọ́wọ́ wọn, a sì jẹ́ kí ìdí rẹ̀ bọ́ sọnù lójú ọ̀nà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ wa kò ní ojú fún ẹni tí ń ru ẹrù. Láàárín nǹkan bí 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀, ìlúmọ̀ọ́ká agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ti Wembley ní 1924, ó sì wà títí di òní ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní apá kan, ọba jókòó sórí ìtẹ́ pẹ̀lú àwọn ará ààfin rẹ̀. Ní apá kejì, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń bọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn fi ń gbé e. Ọlọ́wẹ̀ kò dúró lórí ọba àti òyìnbó nìkan. Ó gbẹ́ àwọn tí ó gbé òyìnbó, ó sì gbẹ́ àwọn aláàárù tí ẹrù wà lórí wọn. Orúkọ ajẹ́lẹ̀ náà, Captain Ambrose, wà nínú ìwé. Ti àwọn aláàárù kò sí níbẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ọjọ́ Sọ́ńdè ni irú ìrìn bẹ́ẹ̀ bọ́ sí, ǹjẹ́ ẹnìkan yóò ha bi àwọn wọ̀nyẹn léèrè bí wọ́n bá fẹ́ sinmi?

A kì í pe ẹnikẹ́ni ní ẹrú mọ́ lóde òní. Ọmọṣẹ́ ni à ń pè é, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí ọmọ tí ń bá wa dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọbìnrin tí ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí àdúgbò kan ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Emùré tí a kò ní rí irú rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ti fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ọ̀gá, ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun ni ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun ni ó ń gbá a, òun ni ó ń tì í. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí a rò pé ó ti bọ́, ọ̀gá yóò ránṣẹ́ sí i kí ó wá fọ aṣọ, kí ó wá di ọmọ mú, nítorí pé "ọmọ ilé" ni. Èyí tí ó dùn wá jù ni ti òru ọjọ́ Sátidé. Aṣọ ẹbí ìdúpẹ́ kan wà tí a gbọ́dọ̀ rán tán kí ilẹ̀ tó mọ́, oníbàárà sì ti wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nítorí náà ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ kò ní fi ojú ba oorun. Bí kò bá sí iná ìjọba, wọn a tan jẹnẹrétọ̀. Àárọ̀ yóò mọ́, a ó wọ aṣọ náà lọ sí ilé Ọlọ́run, a ó jó, a ó dúpẹ́ pé Ó fún wa ní ìsinmi, ọmọ tí ó ta okùn sí etí aṣọ wa yóò sì máa sùn lórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, a ó pe àwọn ẹbí jọ, a ó sè, a ó sì wí pé ó gba fírídọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ òyìnbó náà túmọ̀ sí òmìnira. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi pe ayẹyẹ yẹn mọ ohun tí ó ń wí.

Àwọn mìíràn wà tí a kò tilẹ̀ ní ṣe fírídọ́ọ̀mù fún. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí a mú wá láti ọ̀nà jíjìn, tí ó jí ní aago mẹ́rin òru láti bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ Sọ́ńdè, òun ni yóò ṣọ́ ilé nígbà tí gbogbo wa bá jáde. A lè lò ó fún ọdún mẹ́rin kí àlùfáà má mọ ojú rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó jókòó ti ẹ̀rọ POS lábẹ́ agboòrùn lójú títì, iṣẹ́ tirẹ̀ pọ̀ sí i ní ọjọ́ Sọ́ńdè nítorí pé bánkì ti sé. Owó ẹlòmíràn ni ó ń kà láti òwúrọ̀ di alẹ́, bí ó bá sì dín, owó oṣù rẹ̀ ni a ó fi dí i. Ti àwọn ọmọ tí ń lẹ táyà ní ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́ yàtọ̀ díẹ̀: arìnrìn-àjò tí táyà rẹ̀ jò dàbí màlúù tí ó já sí kòtò, Olúwa wa fúnra rẹ̀ kò sì bá ẹni tí ó yọ màlúù wí. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá wọn fún wọn ní ọjọ́ Ajé dípò rẹ̀. Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ, àwọn àgbà ti wí i. Ẹnìkan kò sì lè mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tó ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

A mọ èsì tí àwọn oníṣòwò yóò fún wa. Wọn yóò wí pé ọ̀rọ̀ akọ̀wé ni èyí, ti ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé bí ó bá jí, bí ó bá sùn. Wọn yóò wí pé láti ìgbà tí ìjọba ti mú ọwọ́ kúrò lórí owó epo bẹntiróòlù ní oṣù kárùn-ún 2023, tí owó náírà sì bọ́ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, owó ọkọ̀ àti owó ọjà ti gòkè tó bẹ́ẹ̀ tí ọjọ́ kan tí a kò bá tà kò fi ní sí owó ọbẹ̀ ní alẹ́. Èsì yìí ní òtítọ́ nínú, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìyá tí ó gbé abọ́ ata méjì jáde ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè jẹun, kì í ṣe òun ni à ń bá wí. Nígbà tí ebi pa Dáfídì, ó jẹ àkàrà tí kò tọ́ sí i, kò sì sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí à ń bá wí ni ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, tí òun fúnra rẹ̀ sì jókòó ní ìlà iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ ń ṣọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pa ọjọ́ ìsinmi mọ́. Ó háyà ẹlòmíràn láti bá a ba ọjọ́ náà jẹ́ ni.

Ìṣòro kejì tóbi ju ti ebi lọ, òun sì ni pé ẹnìkan kò lè dá ti ṣọ́ọ̀bù. Bí èmi bá tì, tí aládùúgbò mi ṣí, oníbàárà mi ti di tirẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rere fi ń ṣí ní ọjọ́ tí ọkàn wọn kò fẹ́. Òfin ni àwọn ará ayé àtijọ́ fi yanjú èyí. Ní 321 ni Kọnsitantáìnì, ọba Róòmù, pàṣẹ pé kí àwọn adájọ́, àwọn ará ìlú àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sinmi ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ṣùgbọ́n ó yọ̀ǹda fún àgbẹ̀ láti ṣiṣẹ́, nítorí pé òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní tiwa, ó jọ pé a ti yí i po: àgbẹ̀ ni ó ń fi oko sílẹ̀, ará ìlú ni ó ń tajà. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tú òfin Sọ́ńdè sílẹ̀ ní 1994, tí wọ́n gba àwọn ilé ìtajà ńlá láyè láti ṣí fún wákàtí mẹ́fà, wọn kò ṣàìfi àyè sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ilé ìtajà láti kọ iṣẹ́ Sọ́ńdè láìjẹ́ pé a lé e kúrò. Wọ́n mọ̀ pé òmìnira ẹni tí ń rà lè di ìdè ẹni tí ń tà.

Ẹlòmíràn yóò wí pé kí olúkúlùkù kúkú mú ọjọ́ tí ó bá wù ú, bí ọjọ́ kan bá ṣá ti wà. Wọ́n dán èyí wò ní Rọ́ṣíà. Ní 1929 ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì pa ọjọ́ Sọ́ńdè rẹ́, ó pín àwọn òṣìṣẹ́ sí ọ̀nà márùn-ún, apá kọ̀ọ̀kan sì ń sinmi ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ̀rọ má baà dúró. Bí a bá ka ọjọ́ ìsinmi, ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọkọ kì í ṣe ọjọ́ aya, ọjọ́ baba kì í ṣe ọjọ́ ọmọ, ọ̀rẹ́ kò sì rí ọ̀rẹ́ kí. Àwọn òṣìṣẹ́ kùn, wọ́n ní irú ìsinmi wo ni ti ẹni tí ó dá jókòó sí ilé òfìfo. Láàárín ọdún méjì wọ́n ti ń tún un ṣe, ní 1940 ọjọ́ Sọ́ńdè sì padà. Kí ará Ìkẹ́rẹ́ tí ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní Adó, tí aya ń tajà ní Àkúrẹ́, tí àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ka ìtàn yìí dáradára. Bí kò bá sí ọjọ́ kan tí gbogbo wọn lè fi jẹun nínú àwo kan, wọn kì í ṣe ìdílé mọ́ bí kò ṣe àwọn tí ń fi owó ránṣẹ́ sí ara wọn.

Òfin ìlú wa pàápàá kò dákẹ́. Ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ àgbáyé tí a ṣe ní Geneva ní 1921 pinnu pé kí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní wákàtí 24 ní ìtẹ̀léra fún ìsinmi nínú ọjọ́ méje. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, láti 1974, sọ bákan náà, ó sì fi kún un pé bí a bá dín in kù, kí a san án padà ní àkókò mìíràn láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí a san owó àfikún. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Kò sí ìjọ kan tí ó kọ ìwọ̀nyí, ìjọba ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àtíbàbà, ta ni yóò bá a gbé òfin dé iwájú adájọ́? Bàbá rẹ̀ tí ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá ní ọjọ́ tí a gbà á wọlé?

Ó sì yẹ kí a bá àwọn ìjọ sọ ọ̀rọ̀ kan, láìfi ìgbéraga ṣe. Ọjọ́ Sọ́ńdè àwọn kan ti di ọjọ́ tí ó ń rẹ ni ju ọjọ́ iṣẹ́ lọ. Ìsìn òwúrọ̀, ìsìn ọ̀sán, ìpàdé ẹgbẹ́ yìí, ìpàdé ẹgbẹ́ tọ̀hún, owó ìkórè, owó ilé tuntun; nígbà tí ìyá kan yóò bá fi dé ilé, oòrùn ti ń wọ̀, iṣẹ́ ọjọ́ Ajé sì ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Kí a sì má gbàgbé òkú ṣíṣe. Àìsùn ní ọjọ́ Ẹtì, ìsìnkú ní ọjọ́ Sátidé, ìdúpẹ́ ní ọjọ́ Sọ́ńdè, gbèsè ní ọjọ́ Ajé: ẹni tí ó kú nìkan ni ó rí ìsinmi nínú gbogbo rẹ̀. Àwa akọ̀wé náà ní ìyọnu tiwa. Ní ayé àtijọ́, bí a bá ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ní ọjọ́ Sátidé, ọ̀gá kò lè rí wa mọ́ àfi bí ó bá rán ìránṣẹ́. Nísinsìnyí ó wà nínú àpò wa. A ó wà lórí eékún, fóònù yóò gbọ̀n, iṣẹ́ WhatsApp ni, pé kí a fi àkọsílẹ̀ kan ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ará Faransé ti ṣe òfin lórí èyí láti 2017, pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn tó 50 bá wọn jókòó lórí àkókò tí a lè pa fóònù iṣẹ́. Ó lè pẹ́ kí irú rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó bá ní ìtìjú lè dúró títí di aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Kí wá ni ṣíṣe? Kò dìgbà tí a bá dúró de Àbújá tàbí Adó. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wa, aránṣọ, onídìrí, mẹkáníìkì àti àwọn yòókù, ní agbára tí wọn kò tíì lò fún èyí. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí ẹgbẹ́ bá dá ọjọ́ ìpàdé, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò ti ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí ó bá sì ṣí yóò san owó ìtanràn; a ti rí i tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹni tí ó ṣàgídí lọ. Kò sí ẹni tí ń sọ nígbà náà pé ebi yóò pa òun, nítorí pé gbogbo wọn ni ó tì í pọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá lè ti ṣọ́ọ̀bù nítorí ìpàdé àti owó dáadá, a kò rí ìdí tí kò fi lè tì í kí ọmọṣẹ́ lè sinmi. Kí wọ́n fi ẹnu kò pé lẹ́yìn aago méje alẹ́ ọjọ́ Sátidé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rán aṣọ Sọ́ńdè mọ́. Àwọn oníbàárà yóò kọ́ láti tètè mú aṣọ wá, àwa náà yóò sì kọ́ ọ pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó ń sin ní Sátidé, kí a fún un ní Sátidé tirẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí, kí a fún un ní àyè Jímọ̀ rẹ̀ kí ó sì bá àwọn yòókù sinmi. Bí owó ọjọ́ náà bá sì dín, kí ọ̀gá gbé e, kí ó má ṣe yọ ọ́ nínú oúnjẹ ọmọ.

Lọ́dọ̀ àwọn Olórí ẹgbẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Emùré ni a fi ọ̀ràn yìí sí, a sì ń retí ohun tí wọn yóò wí ní ìpàdé wọn tí ń bọ̀. Ìwé àdéhùn tí òbí àti ọ̀gá ń fi ọwọ́ sí wà lọ́wọ́ wọn. A ti wo irú rẹ̀ kan: ó dárúkọ iye ọdún, iye owó, ohun mímu, àti ohun tí a ó ṣe bí ọmọ bá sá lọ. Ọjọ́ tí ọmọ yóò máa sinmi kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àyè ìlà méjì wà ní ìsàlẹ̀, lókè ibi tí àwọn ẹlẹ́rìí ń tẹ ìka sí.